Angoulême, ìlú tí ògiri ń sọ ìtàn

Láti ibùdókọ̀ Montparnasse ní Paris dé Angoulême, ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà. Láti ọdún 2017 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun lọ sí apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, nǹkan bí wákàtí méjì ni ọkọ̀ asáré máa ń lò débẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ, àwọn oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí òtútù mú jù, báàgì fẹ̀ǹfẹ̀ tí ayàwòrán ń kó iṣẹ́ sí ló máa ń gba àyè lókè orí ìjókòó. Ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn ìtàn aláwòrán máa ń ti gbogbo ayé wá síbẹ̀.

Ìlú náà kì í fi ara pa mọ́ fún àlejò. Èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ibùdókọ̀ ni, òpó gíga onígun mẹ́rin kan ti dúró níwájú rẹ̀, wọ́n fi rántí René Goscinny tó kọ ìtàn Astérix. Ọ̀rọ̀ tí Goscinny fi sẹ́nu àwọn èèyàn inú ìtàn rẹ̀ ló wà lára òpó náà yí ká. Láti ibẹ̀, òkè ni gbogbo ọ̀nà. Orí òkè tí odi àtijọ́ yí ká ni àárín ìlú wà, odò Charente sì ń ṣàn nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń pọ̀ sí i. Ilé tó lé ní 20 ni wọ́n ya ìtàn aláwòrán sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé. Orúkọ àwọn òpópónà kan kò sí lára pátákó lásán. Inú irú àpótí ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán máa ń fà sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ wọ́n sí. Òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Hergé, orí ẹni tó ya Tintin tí wọ́n fi idẹ rọ sì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbé Angoulême fúnra wọn lé díẹ̀ ní 40,000. Nígbà ayẹyẹ, iye àwọn tí wọ́n sọ pé ó ń wọ ìlú máa ń sún mọ́ 200,000 láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Kí ló gbé irú nǹkan báyìí dé ìlú kékeré? Omi àti pépà ló kọ́kọ́ wà ńlẹ̀. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, odò Charente àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe pépà lágbègbè náà. Ilé-iṣẹ́ Le Nil tó ń ṣe pépà sìgá, tí Joseph Bardou ni, orí omi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pépà báyìí. Ìlú tó mọ pépà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ ìwé. Síbẹ̀, pépà nìkan kò lè dá ayẹyẹ sílẹ̀. Àwọn ará ìlú méjì, Francis Groux àti Jean Mardikian, ló fi ọkàn sí i. Ní 1972 wọ́n ṣe àfihàn ìtàn aláwòrán kan tí èrò wọ́ lọ wò. Wọ́n pe Claude Moliterni láti Paris mọ́ra, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣí àjọ̀dún àkọ́kọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1974. Hugo Pratt, ará Ítálì, ló ya àwòrán tí wọ́n fi kéde rẹ̀. Ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún ayàwòrán kan ní Grand Prix, oyè tó ga jù níbẹ̀, André Franquin láti Bẹ́ljíọ̀mù ló sì gbà á.

Nígbà àjọ̀dún, ibi tí èrò máa ń kún sí jù ni àgọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ní gbàgede Champ de Mars. Ìwé aláwọ̀ mèremère, èèpo líle, ìtàn akọni tó ti wà láti ogójì ọdún: ìyẹn ni ọjà tó ń mówó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń tún ara rẹ̀ bí gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kó wá àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Nouveau Monde, tàbí kó rìn kọjá síbi tí àwọn tí kò sí lábẹ́ àjọ̀dún rárá ń pàtẹ sí, àwọn bíi F.OFF àti SPIN OFF. Níbẹ̀, ẹni tó kọ ìtàn náà ló yà á, òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló fi pín-ìn-nì kan án pọ̀, òun náà ló jókòó sẹ́yìn tábìlì tó ń tà á. Ewé 16, ewé 24, àwọ̀ dúdú àti funfun, tàbí àwọ̀ méjì péré. Kò sí akọni tó ń fò lójú ọ̀run. Ìtàn ìyá tó ń ṣàìsàn wà níbẹ̀, ti ilé ìwé tó ba ayé ọmọ jẹ́ wà níbẹ̀, àti ti àlá, ti ìfẹ́ tó já, ti ogun tó lé ìdílé kúrò nílùú. Aládàátẹ̀ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí, a kò sì lè kọ ìtàn Angoulême láìkọ tiwọn.

Ọ̀dọ̀ aládàátẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ayé ń bọlá fún lónìí ti wá. Robert Crumb ló ya Zap Comix ní San Francisco ní 1968, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í kiri láti tà á ní títì. Ní 1999, Angoulême fún un ní Grand Prix. Art Spiegelman àti ìyàwó rẹ̀ Françoise Mouly dá ìwé ìròyìn Raw sílẹ̀ ní New York ní 1980, inú rẹ̀ ni Maus ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ kó tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1992. Spiegelman náà gba Grand Prix ní 2011. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ayàwòrán méje, lára wọn Jean-Christophe Menu, Lewis Trondheim àti David B., dá ilé ìtẹ̀wé L'Association sílẹ̀ ní 1990, nítorí òfin ọjà ti sú wọn, òfin pé ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ewé 48, kó ní àwọ̀, kó sì ní èèpo líle. Dúdú àti funfun ni wọ́n yàn, èèpo rírọ̀, iye ewé tí ìtàn bá béèrè. Ọ̀dọ̀ wọn ni Marjane Satrapi, ọmọ Ìráànì, gbé Persepolis lọ. Ìwé mẹ́rin ni, ó jáde láti 2000 sí 2003, ó sì ta débi pé àwọn ilé ńlá tó ti ń fojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ aládàátẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, Julie Doucet ló tọ́. Montreal ni ó ń gbé, èdè Faransé ló gbọ́ dàgbà. Ní 1988 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé pélébé kan tó pè ní Dirty Plotte, ó ń gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ó ń tà á fúnra rẹ̀. Ohun tó ń yà kò wọ́pọ̀ lójú ewé nígbà náà: nǹkan oṣù obìnrin, ara tó ń yọ ẹni lẹ́nu, yàrá tó kún fún ìdọ̀tí, àlá tí èèyàn kì í sọ fún ìyá ẹni. Gbogbo àwòrán rẹ̀ kún dẹ́nu. Ìgò, sìgá, abọ́ àìfọ̀, gbogbo wọn ń jìjàdù àyè pẹ̀lú obìnrin tó wà láàárín. Ní 1991 ilé ìtẹ̀wé Drawn & Quarterly, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Montreal, gba iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó pa ìtàn aláwòrán tì. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, owó tó ń mú wá kò sì tó nǹkan. Ó bọ́ sídìí ọnà mìíràn, ó ń gé pépà, ó ń tẹ àwòrán. Ogún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ní 2021 L'Association kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan, Maxiplotte. Nígbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà 2022, torí àrùn kòrónà ti sún àjọ̀dún síwájú lọ́dún náà, àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò yàn án fún Grand Prix. Obìnrin kẹta ni ó jẹ́ láti 1974.

Kẹta péré. Florence Cestac ló kọ́kọ́ gbà á ní 2000, Rumiko Takahashi láti Japan tẹ̀lé e ní 2019. Ohun tó mú kí ìlẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀ ni ìjà ọdún 2016. Lọ́dún náà àwọn olùṣètò gbé orúkọ 30 jáde pé kí wọ́n dìbò yan ẹnì kan nínú wọn, kò sì sí obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn obìnrin ayàwòrán pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má dìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yẹ ní ìrántí: àwọn ọkùnrin tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara wọn kúrò. Riad Sattouf ṣe bẹ́ẹ̀, Daniel Clowes ṣe bẹ́ẹ̀, Joann Sfar àti Chris Ware náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùṣètò kò rí ohun mìíràn ṣe ju kí wọ́n da ìwé orúkọ náà nù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ayàwòrán dìbò fún ẹni tó bá wù ú. Lẹ́yìn Doucet, Posy Simmonds gbà á ní 2024, Anouk Ricard sì gbà á ní 2025.

Láti orí òkè, ọ̀nà tó lọ sí odò máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń jẹ́ orúkọ Hugo Pratt kọjá lórí Charente, ère idẹ Corto Maltese, atukọ̀ inú ìtàn Pratt, sì dúró níbẹ̀, ó ń wo omi. Ẹ̀gbẹ́ kan odò ni ilé tí wọ́n ṣí fún ìtàn aláwòrán ní 1990 wà, ibi tí ìwé àti iṣẹ́ ìwádìí wà. Ní òdìkejì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn aláwòrán, tó wọ inú àwọn àká tí wọ́n ti ń tọ́jú ọtí cognac tẹ́lẹ̀ ní 2009. Inú rẹ̀ tutù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò mú. Ìdí wà fún ìyẹn: ojú ewé tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà ni wọ́n pàtẹ, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń jẹ pépà. Nítorí náà wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn lóòrèkóòrè, èyí tó bá ti wà níta fún ìgbà díẹ̀ á padà sínú òkùnkùn láti sinmi. Níwájú irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti máa ń rí ohun tí ìwé títẹ̀ kì í fi hàn: ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa àṣìṣe rẹ́, ìlà pẹ́ńsù tí wọ́n gbàgbé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ibòmíràn.

Ilé yìí ni wọ́n ti ṣe àfihàn Kubuni ní 2021, lórí ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, Joëlle Épée Mandengue, ọmọ Kamẹrúùnù tí ayé mọ̀ sí Elyon's, sì wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ó pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dé, torí Áfíríkà ti ń kan ilẹ̀kùn Angoulême tipẹ́. Ní 2006, ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet, ọmọ Abidjan, kọ, tí Clément Oubrerie sì yà. Ìtàn náà kò sọ ti ogun tàbí ebi. Ọmọbìnrin mẹ́ta ní àdúgbò Yopougon ló dá lé, ọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń wá ọkọ olówó fún ọmọ. Àìmọye òǹkàwé ní Yúróòpù ló ti ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn Áfíríkà máa ń rẹ́rìn-ín nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n Abouet gba ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé ńlá kọjá. Ẹni tó sún mọ́ aládàátẹ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà ni Papa Mfumu'Eto ti Kinshasa. Láti 1990 ló ti ń ya ìwé pélébé ní èdè Lingala, pépà rẹ̀ kò dára, títẹ̀ rẹ̀ kò mọ́, títì ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tí owó wọn kò ká ìwé aláwọ̀ tó ń wá láti Paris àti Brussels. Ìtàn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ti ọkùnrin kan tó di ejò, tó gbé obìnrin mì, tó sì ń bi owó dọ́là. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn lùkúdì nílẹ̀ Yorùbá mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ayé ìjọba Mobutu ni wọ́n wà nígbà náà, àwọn ará Kinshasa sì lóye ẹni tó ń gbé èèyàn mì. Lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé ìkówèésí Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà.

Òǹkàwé Yorùbá kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Akinọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti ń fi àwòrán bá ìjọba amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò àwọn òṣèré tíátà alárìnkiri tẹ̀léra wọn lójú ewé, tó ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu olúkúlùkù. Ìdílé tí ìwé kò pọ̀ sí rárá máa ń ní Atọ́ka nígbà náà. Ìtàn aláwòrán ni wọ́n ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà ló rọ́pò kálámù. Ní Bẹ̀nẹ̀ tó múlé gbè wá, Hector Sonon gbé Toubab or not Toubab jáde lọ́dọ̀ Casterman ní 2012. Irú Atọ́ka yẹ kó wà lára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kó tó gbó tán nínú àpótí àwọn àgbà.

Òkìkí kì í bọ́ ilé, àwọn ayàwòrán sì ti fi ìṣirò hàn bẹ́ẹ̀. Angoulême ní ilé tó ń gba oníṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n lè jókòó parí ìwé wọn, ó ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà tó ń kọ́ èèyàn ní ìtàn aláwòrán. Ọ̀pọ̀ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ kì í padà lọ. Síbẹ̀ ìwádìí tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé fúnra wọn gbé jáde ní 2016 sọ pé 53 nínú 100 wọn kì í rí owó tó tó owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, 36 nínú 100 sì wà nínú òṣì. Ti àwọn obìnrin tún burú jù: ìdajì wọn ló wà nínú òṣì. Ní àjọ̀dún, àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà ló ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń ya àwòrán sínú ìwé gbogbo ẹni tó bá rà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò sì gba kọ́bọ̀ fún un.

Ìbínú yìí ló dé ojú rẹ̀ ní 2025. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, ìwé ìròyìn L'Humanité gbé ìwádìí kan jáde nípa ilé-iṣẹ́ tó ń darí àjọ̀dún láti 2007. Ìwádìí náà sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó, lórí bí ọ̀rọ̀ ọjà ṣe bo ọnà mọ́lẹ̀, àti lórí òṣìṣẹ́ obìnrin kan tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó fẹjọ́ sùn pé wọ́n fipá bá òun lò nígbà àjọ̀dún 2024. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn ayàwòrán, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin, pe ìpè pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ti 2026. Ní oṣù Belu, wọ́n gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ló tún máa wà nínú ìdarí lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ bá bẹ́. Anouk Ricard, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Grand Prix, tí àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ì bá jẹ́ ọ̀kan pàtàkì níbẹ̀, ní òun kò wá mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba oyè náà rí fọwọ́ sí ìwé pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ilé ìtẹ̀wé yẹ̀ ẹ́, ìjọba tó ń fowó ràn án lọ́wọ́ ní kí wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ 2025, wọ́n fagi lé e. Ní 2021, àrùn ló lé èrò kúrò nílùú. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ń mú kálámù ló ká ọwọ́ kò.

Ó dun àwọn tó ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura nílùú náà, torí ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn la ìgbà òtútù já. Ó dun àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké náà, tó jẹ́ pé ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ìwé tó kàn. A kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìpalára yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aládàátẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tó kàn láti ṣe. Wọ́n kéde ètò kan tí wọ́n pè ní Grand Off fún ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026 ní Angoulême gan-an, àwọn mìíràn sì kéde ayẹyẹ kéékèèké ní àwọn ìlú ilẹ̀ Faransé mìíràn. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó ti ń kan ìwé pọ̀ nínú yàrá ara rẹ̀ kò nílò àgọ́ olówó ńlá kó tó pàtẹ.

Kí ìjà yìí tó dé, àjọ̀dún náà ti ní ẹ̀bùn kan tó yà sọ́tọ̀ fún àwọn aládàátẹ̀, ó sì ti lọ sí ibi tó jìnnà. Ìwé ìròyìn Kuš! láti Latvia gbà á ní 2012. Ní 2019, ẹgbẹ́ Samandal ti Beirut ló gbà á. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2007, èdè Lárúbáwá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ ìwé wọn. Àwòrán inú ẹ̀dà kan mú kí wọ́n pe mẹ́ta nínú àwọn olóòtú rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n ń dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀, ilé ẹjọ́ Lẹ́bánónì sì bu owó ìtanràn ńlá lé wọn ní 2015. Àwọn òǹkàwé dáwó, ẹgbẹ́ náà sì tún tẹ òmíràn.

Ohun tí àwọn ayàwòrán ń béèrè ní Angoulême nínú ìjà ọdún 2025 kò ṣòro láti sọ: kí wọ́n mọ ibi tí owó ń lọ, kí ọwọ́ tó ń yàwòrán gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kí obìnrin lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfòyà, kí àwọn náà sì ní ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu. Groux àti Mardikian kò ní ilé-iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ará ìlú tó fẹ́ràn ìwé ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá gba ètò náà lẹ́yìn ìjà yìí yẹ kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ayàwòrán, kó tó pe àwọn tó ń ta ọjà.